Táyà Ńlá Aṣọ́kè àti Òkè Ìkúnlẹ̀

"Bàtà kọ́ ní í gun òkè, itan ni." Ẹni tó bá ti rìn dé àwọn abà tó wà lẹ́yìn Òkè Ìkúnlẹ̀ yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àgbà kan tàbí òmíràn. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á yínmú díẹ̀, wọ́n á sì dákẹ́, bí ẹni pé kò ku àlàyé kankan mọ́. Àwọn kan ní ọdẹ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn mìíràn ní àwọn tó ń sáré ìje ni. Ṣé ẹ̀yin mọ gbòǹgbò rẹ̀? Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọdẹ ló ti wá, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ asáré. Ìdí ọkọ̀ jíìpù kan ló ti wá, àti ìdí mẹkáníìkì kan tí ọ̀rọ̀ sú pátápátá.

Ògúntuyì ni orúkọ mẹkáníìkì náà. Abẹ́ igi ìyá kan ní abà Ọlọ́pẹ ló pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìlọta ló sábà máa ń tún ṣe, nítorí jíìpù kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo abà náà. Olóyè Ọlátẹ́jú, Aṣọ́kè, ló ni ín.

Oyè yìí gan-an ló mú kí Ọlátẹ́jú ra ọkọ̀. Èèwọ̀ ni kí ẹsẹ̀ Aṣọ́kè kan ilẹ̀ lórí Òkè Ìkúnlẹ̀. Láyé àtijọ́, ọkùnrin mẹ́rin ní í fi àga gbé e láti ẹsẹ̀ òkè títí yóò fi dé òdìkejì. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá fi kan iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, oyè bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyè kan Ọlátẹ́jú, àwọn géńdé ti lọ sí ìlú ńlá tán, òun náà kò sì ṣeé gbé mọ́, nítorí ó sanra bí àgbá. Ló bá ra jíìpù. Ká sọ tòótọ́, kò ṣe ahun pẹ̀lú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Kòkó ẹni, aláìsàn ẹni, ìyàwó tuntun ẹni, gbogbo rẹ̀ ló ń bá ará abà gbé kọjá òkè lọ sí Ìdófin-Àpáta, níbi tí ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ girama wà. Ìdí nìyí tí kò fi sẹ́ni tó lè wò ó lójú kó sọ pé, "Olóyè, ẹ ti ṣì í."

Odò Alámọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Odò kékeré ni, ó wà láàárín abà àti ẹsẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti rọ̀, amọ̀ ibẹ̀ a máa di ọkọ̀ mú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Ní ọjọ́ kan, ó di jíìpù Aṣọ́kè mú láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí, tí àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti oko fi ń kí i níkọ̀ọ̀kan pé, "Olóyè, ẹ kú ìjókòó." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó rí jíìpù agbaṣẹ́ṣe kan ní Ìdófin. Táyà rẹ̀ ga dé àyà ọmọdé, ó sì kọjá nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá nínú yàrá ìyá rẹ̀. Aṣọ́kè kò sùn dáadáa mọ́. Kò pẹ́ tó fi gbé mẹ́rin irú táyà bẹ́ẹ̀ wá sábẹ́ igi ìyá.

"Ògúntuyì, bọ́ ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Wọ bàtà tuntun fún ọkùnrin yìí."

Ògúntuyì fi okùn wọn táyà àtijọ́, ó fi wọn tuntun. Ó tún un wọ̀n. Ó mí kanlẹ̀.

"Olóyè, wọ́n fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ohun tí mo fowó rà nìyẹn."

"Mo lè gbé ara ọkọ̀ sókè kí wọ́n lè wọlé, kí wọ́n má sì máa ha ara rẹ̀ tí ẹ bá yà. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Jíà ni. Táyà tó tóbi, ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹ́ńjìnnì yín kò sì gba agbára kún agbára. Ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin kúkúrú tí wọ́n ní kó máa gbé ìṣísẹ̀ fìrìgbọ̀n gun àtẹ̀gùn. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Lórí òkè, pẹ̀lú ẹrù, ẹ ó mọ̀. Àwọn irin eléyín tó wà nínú àsù, ọ̀pá irin tó so táyà méjì pọ̀, ló yẹ ká pààrọ̀, tiwájú tẹ̀yìn, ká fi irú èyí tó ń rọra yí, tó ń fa ẹrù, sí i."

"Ẹni tó ta táyà fún mi ní kò pọn dandan."

"Olóyè, ẹ ti rí oníbàtà tó sọ fún oníbàárà pé bàtà yìí tóbi fún ọ rí?"

Aṣọ́kè rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa pa á lẹ́rìn-ín, kò kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa dá a lẹ́kọ̀ọ́. "Ó dára. Irin eléyín tí ò ń wí yìí, ibo ló máa wà?"

"Nínú àsù, lábẹ́ ọkọ̀."

"Ta ni yóò rí i?"

"Kò sẹ́ni tó máa rí i, Olóyè."

"Ìwọ náà fi etí ara rẹ gbọ́ ọ. Mo máa ra ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní rí, mo sì máa fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó ki í bọ inú rẹ̀." Ó ronú díẹ̀. "Tí a bá pààrọ̀ tẹ̀yìn nìkan ńkọ́?"

Ògúntuyì fi èékánná họ orí. "Iwájú á máa sáré, ẹ̀yìn á máa fà sẹ́yìn. Ọjọ́ tí ẹ bá ní kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà, wọ́n á ya ọkọ̀ yín sí méjì. Olóyè, nǹkan méjì péré ló wà níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ jíà tiwájú tẹ̀yìn, tàbí kẹ́ ẹ dá táyà padà."

"Wọ̀ ọ́ fún un."

Ògúntuyì wọ̀ ọ́ fún un. Kí ni ì bá tún ṣe?

Ọkọ̀ náà rẹwà, kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Àwọn ọmọdé ń lọ dúró tì í láti mọ ẹni tó ga ju táyà lọ. Ó ré Odò Alámọ̀ kọjá bí ẹni pé odò náà kò sí níbẹ̀ rí, inú gbogbo abà sì dùn. Àfi Ògúntuyì. Láti abẹ́ igi ìyá, ó máa ń gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà lórí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń kérora bí àgbà tó ń dìde lórí àpótí. Tí Aṣọ́kè bá padà dé, òórùn kúlọ́ọ̀ṣì tó ń jóná á ti ṣíwájú ọkọ̀ wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ògúntuyì lọ bá a. Ìgbà àkọ́kọ́, Aṣọ́kè ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bàtà tuntun, ó ń kọ́ ìrìn ni." Ìgbà kejì, ó ní òórùn náà ti dín kù. Ìgbà kẹta, ó gbé ẹran ìgbẹ́ fún un, ó ní kó fi jẹun, kó sì fi àníyàn sílẹ̀. Ògúntuyì gbé ẹran náà dé ilé kó tó rántí pé òun kò tíì sọ ohun tí òun bá lọ.

Oṣù tí òjò ń rọ̀ gan-an ni àwọn ọmọ abà mẹ́fà fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ní Ìdófin. Morádéyọ̀, ọmọbìnrin Ògúntuyì, wà lára wọn. Ìṣirò ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Tó bá fi di mẹ́sàn-án ààbọ̀, ilẹ̀kùn tì nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí àwọn ará abà máa ń ṣe ni pé àwọn ọmọ á fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìdófin ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á sùn lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí. Ògúntuyì ti di ẹrù ọmọ rẹ̀ tán nígbà tí Aṣọ́kè ránṣẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ. Òun fúnra òun ló máa gbé wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí làwọn ọmọ máa fi ẹsẹ̀ rìn ṣe, nígbà tí irú táyà báyìí wà nílé?

Ògúntuyì tú ẹrù náà. Ó mọ̀ pé kò yẹ kóun tú u. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe máa sọ fún olóyè tó fẹ́ ṣe ọmọ rẹ lóore pé oore rẹ̀ kò lè gun òkè? Ohun tó lè ṣe ni pé ó bá wọn wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ó gbé òkúta ńlá méjì sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Òkúta wo nìyẹn?" ni Aṣọ́kè bi í.

"Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀, Olóyè."

Aago méje ni wọ́n gbéra. Odò Alámọ̀ ti kún, omi rẹ̀ sì pupa. Jíìpù náà wọ inú rẹ̀, ó jáde. Aṣọ́kè yíjú wo Ògúntuyì.

"Ẹnìkan ò sọ̀rọ̀ mọ́ o."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ògúntuyì ń wo iwájú. Odò kọ́ ló ń bá a jà.

Kọ́nà àkọ́kọ́ lórí òkè, ọkọ̀ kérora, ó kọjá. Ní kọ́nà kejì, tí ọ̀nà ti dúró bí ẹni tí wọ́n fi ti ògiri, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Jíà kìíní ni Aṣọ́kè fi sí. Kò sí òmíràn tó kéré jù ú mọ́. Táyà ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ilẹ̀ mú dáadáa, wọn kò yọ̀ rárá. Agbára tí wọn yóò fi yí ni kò sí. Èéfín gba abẹ́ ọkọ̀ jáde. Ọkọ̀ dúró, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fà sẹ́yìn, bíréèkì sì ń ké. Ògúntuyì fò bọ́ sílẹ̀, ó ti òkúta kan bọ ẹ̀yìn táyà ọ̀tún, ó ti èkejì bọ tòsì.

Wọ́n gbìyànjú. Wọ́n tún gbìyànjú. Wọ́n ní kí ọkọ̀ sinmi. Aago mẹ́jọ kọjá. Gbogbo ọmọ sọ̀kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹrù tó wúwo jù lọ nínú ọkọ̀ kò lè sọ̀kalẹ̀. Èèwọ̀ ni. Aṣọ́kè jókòó sídìí ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ẹ bọ́ sẹ́yìn, ẹ̀yin ọmọ," ni ó wí. "Ẹ bá mi tì í. Ẹ̀ẹ̀kan báyìí ló kù."

Morádéyọ̀ kó pẹ́ńsùlù rẹ̀ bọ àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ògúntuyì wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó wo táyà tó ga dé àyà ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀ tó tutù. Ohun kan bọ́ nínú rẹ̀.

"Morádéyọ̀, kúrò níbẹ̀."

"Ògúntuyì, kí ló dé?"

"Olóyè, ẹ má bínú. Ọmọ mi kò ní dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń padà sẹ́yìn. Ọmọ ẹnikẹ́ni kò ní dúró síbẹ̀. Mo sọ ọ́ lábẹ́ igi, ẹ rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ nílé yín, ẹ gbé ẹran fún mi. Mo ní jíà, ẹ ní ta ni yóò rí i. Ó dáa, gbogbo wa ti rí i báyìí." Kò pariwo. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ariwo.

Níbi tí wọ́n dúró sí náà ni Ìyá Olóbì ti yọ láti ìsàlẹ̀. Gbogbo abà ló mọ ìyá arúgbó yìí. Ọdún ogójì ló ti ń ru obì gun òkè náà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Agbọ̀n obì wà lórí rẹ̀ nísinsìnyí. Sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, ó fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ di tòsì mọ́ ọmọ ìka. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó dúró, ó wo táyà láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, Olóyè."

"Ẹ ṣeun, Ìyá."

"Bàtà yìí mà dára." Ó tún wò ó. Ó wo sílípáàsì tirẹ̀. "Ṣùgbọ́n bàtà kọ́ ní í gun òkè. Itan ni."

Ó tún agbọ̀n orí rẹ̀ gbé, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ògúntuyì la ẹnu sílẹ̀. Ohun tí òun fi okùn wọ̀n, tí òun fi ọkùnrin kúkúrú àti àtẹ̀gùn ṣàpèjúwe rẹ̀, tí òun tìtorí rẹ̀ pààrà ilé olóyè lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin yìí ti parí rẹ̀ láìsọ ẹrù kalẹ̀. Inú tiẹ̀ tún bí i díẹ̀ sí i.

"Ìyá," ni Morádéyọ̀ ké sí i, "ọ̀nà àbùjá wà tí ẹ máa ń gbà, àbí?"

"Ó wà. Ó ga o. Ọkọ̀ ò lè dé ibẹ̀, tó bá tiẹ̀ wọ bàtà ọba."

Morádéyọ̀ wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo ọ̀nà, ó sì mi orí sí i. Ọmọ náà ti aṣọ ilé ìwé rẹ̀ bọ ìgbànú, ó bọ́ bàtà, ó so ó kọ́ ọrùn, àwọn márùn-ún yòókù ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, wọ́n sì tọ Ìyá Olóbì lẹ́yìn wọ inú igbó.

Ògúntuyì ìbá bá wọn lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tiẹ̀ ti gbéra. Ṣùgbọ́n tó bá lọ, ta ni yóò yọ òkúta lẹ́yìn táyà díẹ̀díẹ̀? Aṣọ́kè yóò jókòó sórí òkè bí ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ti re. Bó bá sì sọ̀kalẹ̀, oyè bàbá ńlá rẹ̀ bọ́ nìyẹn. Ó padà. Inú ń bí i, ó ń yọ òkúta. Inú ń bí i, ó ń gbé e sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọra ń fi ẹ̀yìn sọ òkè náà kalẹ̀, Aṣọ́kè dojú kọ ṣóńṣó òkè bí ẹni tó ń dágbére fún un, àwọn tó ń lọ sóko sì ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún wọn.

"Ògúntuyì," ni Olóyè wí nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀.

"Olóyè."

"Ṣé àwọn ọmọ á bá ìdánwò náà?"

"Mi ò mọ̀."

Wọ́n padà sí abà. Ògúntuyì tú ẹ̀rọ ìlọta kan tí kò bàjẹ́, ó sì tò ó padà. Aṣọ́kè, tí kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹni, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ìyá, ó ń wo ọ̀nà.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí Morádéyọ̀ yọ, amọ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Olóyè, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn báyìí la dé," ni ó wí. "Ìyá Olóbì ló fi ẹsẹ̀ dí i. Ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa ní kí Ìyá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ìyá ní ẹsẹ̀ òun ti gun òkè láàárọ̀ yìí, ó ń sinmi ni. Ibẹ̀ la gbà wọlé."

"Ìbéèrè mélòó lo dáhùn?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Gbogbo rẹ̀ àfi méjì. Àkókò tán."

Ògúntuyì gbé sípánà sílẹ̀. Méjì. Ó mọ ẹni tó jẹ méjì yẹn. Kò wo ọ̀dọ̀ Aṣọ́kè, ṣùgbọ́n Aṣọ́kè fúnra rẹ̀ dìde.

"Irin eléyín yẹn," ni ó wí. "Tiwájú tẹ̀yìn. Ibo ni wọ́n ti ń tà á?"

Ó rà á lóòótọ́, pẹ̀lú kúlọ́ọ̀ṣì tuntun, Ògúntuyì sì fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kó tó ki gbogbo rẹ̀ bọ inú. Láti ọjọ́ náà, jíìpù náà ń gun Òkè Ìkúnlẹ̀ bí ewúrẹ́. Àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì yege, Morádéyọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Aṣọ́kè ni Aṣọ́kè ń jẹ́. Kò lè gbà pé òun ra nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ó gba irin eléyín àtijọ́ lọ́wọ́ Ògúntuyì, ó fi epo nù ún títí ó fi ń dán, ó sì gbé e kọ́ iwájú ilé rẹ̀, kí àlejò lè béèrè ohun tó jẹ́, kí òun sì lè sọ pé, "Aburú rẹ̀ ni ẹ ń wò yẹn. Rere rẹ̀ wà nínú." Nígbà tí Ògúntuyì kọ́kọ́ rí i níbẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá nìyẹn. Bí ẹnìkan bá kọ́ ilé alárànbarà sórí ìpìlẹ̀ tí kò jinlẹ̀, bí ẹgbẹ́ kan bá dá aṣọ kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ra àpò ìwé olówó ńlá tí kò sì ka ìwé inú rẹ̀, àwọn àgbà ẹ̀yìn Òkè Ìkúnlẹ̀ kì í bá a jiyàn pẹ́. Wọ́n ti rí i pé àlàyé gígùn kò ran Ògúntuyì lọ́wọ́. Ẹni tó ń fi owó àti ọkàn rẹ̀ sórí ohun tí ojú ń rí, tó wá pa ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú tì, òun ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Wọ́n á wo onítọ̀hún láti òkè dé ilẹ̀ bí Ìyá Olóbì ṣe wo táyà, wọ́n á sì ní, "Bàtà kọ́ ní í gun òkè, itan ni."